Kí ni Ọmọ Wa Yóò Mú Bọ̀ Láti Òkè-Òkun?



Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn wa tí a ti ń fẹ́ bá yín sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n tí a ń sún síwájú nítorí pé ó kan àwa pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tí ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gíga ní òkè-òkun. Láti Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́, ó ṣòro nísinsìnyí láti rí ìjọ kan tí a kò ní bá òbí nínú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ní Kánádà, tàbí ní Íńdíà, tàbí ní Ṣáínà, tàbí òbí tí ń tọ́jú owó kí ọmọ tirẹ̀ náà lè lọ.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, baba kan tọ̀ wá wá. Ilẹ̀ ni ó tà, ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní ìhà Ìbẹ̀jú, kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lè lọ fi ọdún kan kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ èbúté àti kíkó ẹrù ní yunifásítì kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà lọ, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan baba náà mú un lọ sí ibi tí a ti lè rí èbúté ńlá Lẹ́kkí ní òkèèrè; ó nawọ́ sí àwọn irin gíga tí a fi ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀, ó sì wí pé, "Ọmọ mi, kí ni ìwọ rí lọ́hùn-ún tí ó jẹ mọ́ èyí?" Ọmọ náà dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó dáhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lóru, bí mo bá sì dé iwájú olùkọ́ ní ọ̀sán, oorun ni mo ń sùn. Mo yege, ṣùgbọ́n n kò rí ìlú náà." Baba náà kò bá a wí. Ọ̀dọ̀ wa ni ó wá, tí ó sì béèrè pé, "Àlùfáà, ilẹ̀ mi ti lọ. Ta ni ó jẹ̀bi?"

A kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. A ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà náà wá, ohun tí a sì rò ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo èbúté tí baba yìí nawọ́ sí, nítorí ó lè kọ́ wa ní nǹkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí i. Ìjọba Àpapọ̀, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-iṣẹ́ Tolaram àti ilé-iṣẹ́ China Harbour tí í ṣe ti àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n jọ ní ìpín nínú rẹ̀. Kí ó tó dé, àwọn ọkọ̀ òkun tí ó tóbi jù lọ kò lè wọ Àpápá. Èbúté ibòmíràn, bí irú Lómè, ni wọn a máa já ẹrù wa sí, kí ọkọ̀ kékeré tó wá kó o wá fún wa, a ó sì san owó lé owó. Kì í ṣe pé Àpápá kò ní ilé ìkẹ́rùsí tàbí òṣìṣẹ́. Omi rẹ̀ ni kò jìn tó. Ní Lẹ́kkí, omi náà jìn tó mítà 16 àti ààbọ̀, nítorí náà ni ọkọ̀ ńlá fi lè gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò dúró di ọjọ́ tí ọkọ̀ dé kí a tó gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun náà. A ti gbẹ́ ẹ ṣáájú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọmọ tí ń lọ sí òkè-òkun. Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí ọmọ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí ó sì ti dé ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ròkè, ẹ̀kọ́ yóò wọ inú rẹ̀ bí omi ti ń wọ inú kòtò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé èrè ẹ̀kọ́ òkè-òkun kò sí nínú jíjìnnà ìlú tí ọmọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí nìkan. Ó wà nínú ìbéèrè tí ọmọ náà bá gbé lọ láti ilé, àti nínú àyè tí àwa ará ilé bá fún un láti wá ìdáhùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń wá, kí ni yóò béèrè?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ṣàì mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà èkíní, ní 1826, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà èkejì, ní 1842, ó ti di àgbà ọkùnrin. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti bá àwọn tí ó gòkè Odò Ọya ní 1841 rìn, níbi tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ènìyàn kò lè bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ìbéèrè rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀: báwo ni a ó ṣe kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn mi lè kà á? Ní 1843 a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù; ní ọdún kan náà ni a fi í joyè àlùfáà; nígbà tí oṣù kìíní 1844 sì fi máa dé, ó ti ń fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn ènìyàn wa ní Freetown. Ìlú kan náà ni ó lọ ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó gbé ìbéèrè lọ ni ó kó ẹrù bọ̀ tí àwa tí ń ka ìwé yìí ṣì ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ tún wo Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà. Ìlú òyìnbó ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896. Nígbà náà, àrùn ìgbóná ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wádìí rẹ̀. Dókítà yìí lè jókòó sí ilé ìwòsàn kí ó máa sọ pé òpè ni àwọn ará ilé òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ tan àrùn náà ká. Nítorí ìròyìn rẹ̀ ni ìjọba fi fi òfin dá ẹgbẹ́ náà dúró ní 1907. Síbẹ̀ ọkùnrin kan náà ni ó ń wádìí ewé àti egbò ilẹ̀ wa, tí ó sì fẹ́ràn aṣọ Yorùbá ju kóòtù lọ. Ẹ̀kọ́ òkè-òkun kò jẹ́ kí ó kẹ́gàn ilé, kò sì jẹ́ kí ó bo àìsàn ilé mọ́lẹ̀. Ó fún un ní ojú méjì. A rò pé èyí ni a ń pè ní èrè.

Ẹnìkẹta ni Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn onílé ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, owó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá kí ó lè jẹun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ti Sàró àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Láti 1929 títí dé 1932, ó ń rìn káàkiri ilẹ̀ wa láti tọrọ owó, ní 1933 ni wọ́n sì ṣí ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road. Níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Gold Coast àti ọmọ Sàró ti jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú wọn. A fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Ṣólańkẹ́ kò rí ilé náà nínú ìwé tí a kọ́ ọ. Nínú ìyà tí ó jẹ ni ó ti rí i, nítorí pé ó bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni yóò tún jẹ irú ìyà yìí lẹ́yìn mi?"

Kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan. Arábìnrin Kofoworola Moore, tí ó di Lady Adémọ́lá lẹ́yìn náà, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba oyè ẹ̀kọ́ ní Oxford, ní 1935. Ó rí i pé àwọn tí òun ń bá gbé kò mọ ohunkóhun nípa ilé òun ju ìtàn àròsọ lọ. Ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sínú ìwé kan tí Margery Perham ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1936, kí wọ́n lè mọ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹni tí ń gbà nìkan. Ó ní ohun tí yóò fún àwọn onílé pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì ń fún ni, òun ni àwọn ènìyàn a máa bá jókòó pẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ìgbà àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo bí ayé ti rí nísinsìnyí." A gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 460 ní ọjà ìjọba gbéra, kí oṣù kejì ọdún 2024 sì tó parí ó ti kọjá náírà 1,400. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí ti kó jọ fún ọdún kan kò tó fún ìdajì ọdún mọ́. Òfin Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì wí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ti òkè-òkun wá má ṣe ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ìbéèrè jẹun. Àwa kò dá ọmọ lẹ́bi nítorí pé ó ṣiṣẹ́, Ṣólańkẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé nígbà tí àyè bá há, ìgbà náà gan-an ni ó tọ́ kí ọmọ mọ ohun tí òun wá, kí ó má ba à ná ìwọ̀nba wákàtí tí ó kù fún un sórí asán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ń múra àtilọ, ẹ gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí lọ́wọ́ wa. Ní ti èkíní, ẹ kọ ìbéèrè yín sí ìwé kí ẹ tó lọ, kí ó sì jẹ́ ti ilé. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ èbúté ni ìwọ yóò kọ́, kọ́kọ́ lọ bi àwọn awakọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń sun ojú ọ̀nà pé kí ni ó ń dá wọn dúró. Bi àwọn apẹja Ìbẹ̀jú pé kí ni ó yí padà nínú omi wọn. Bí ìwọ bá gbé èyí dé iwájú olùkọ́ rẹ lọ́hùn-ún, yóò rí i pé kì í ṣe máàkì nìkan ni ìwọ wá gbà.

Ní ti èkejì, ẹ bá àwọn onílé jókòó. Ó dára kí a rí ọmọ ilé wa ní àjò, kí a sì jọ jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ pé àárín àwọn ará Ajah nìkan ni ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Ajah ni ó wà, òtútù nìkan ni ó fi kún un. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun; ẹni tí ó sì dé ibẹ̀ tí kò wọ inú oko, kò sàn jù ú lọ. Lọ bá olùkọ́ rẹ ní yàrá rẹ̀ ní wákàtí tí ó fi sílẹ̀ fún ìbéèrè. Bá wọn jókòó ní ilé ìkàwé ìlú. Wo bí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, bí wọ́n ti ń pa àkókò mọ́, bí wọ́n ti ń jiyàn láìṣe ọ̀tá. Wo àìdára wọn pẹ̀lú, kí o má ba à kó o bọ̀.

Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan. Àní iṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá ní ìbéèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà? Kí ni kì í jẹ́ kí ó sọnù? Bí ọmọ baba tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé ìbéèrè èbúté ni òun gbé lọ, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lóru náà ni ì bá ti rí ìdáhùn kan mú bọ̀ fún baba rẹ̀. Ó dùn wá púpọ̀ nígbà tí a rò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí ó wà nílé ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa fúnra wa kọ̀wé sí ọmọ ìjọ wa kan tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkè-òkun, a ní kí ó fi owó ránṣẹ́ fún òrùlé tí ń jò. Ó fi í ránṣẹ́, a sì ka orúkọ rẹ̀ ní gbangba, a gbóríyìn fún un. Nígbà tí ó bọ̀ ni a gbọ́ pé ó ṣe iṣẹ́ àfikún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó rí owó náà kó jọ, àti pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ni olùkọ́ rẹ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ wo iṣẹ́ tí òun ti torí rẹ̀ rìn dé ọ̀hún. Òrùlé náà kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbójú sókè wò ó, ìdùnnú wa kì í pé. A rán ọmọ lọ kọ́ ẹ̀kọ́, a sì tún rán an ní iṣẹ́ owó; iṣẹ́ kejì pa ti èkíní.

Nítorí náà ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àbúrò àti ẹ̀gbọ́n, àti àwa olórí ìjọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ sọ àyà. Fún ọdún kan tàbí méjì tí ọmọ fi wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, kí a má ṣe béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá pè wá, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wa má ṣe jẹ́ "Kí ni o fi ránṣẹ́?" bí kò ṣe "Kí ni o rí ní ọ̀sẹ̀ yìí tí kò sí níhìn-ín?" Bí a bá ń bi í bẹ́ẹ̀, yóò máa wá ohun tí yóò fi dá wa lóhùn.

Àwọn mìíràn ń bi wá pé bí ọmọ kò bá padà wá sílé mọ́, ṣé kò ti jẹ̀bi? A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó ń bọ̀ ní ọjọ́ kan náà, àwọn kan kò sì rí iṣẹ́ tí wọn yóò bọ̀ wá ṣe. Èyí pẹ̀lú, àwa ni ó kàn. Nígbà tí a ń kọ́ ilé ìfọpo Dangote tí ó wà nítòsí èbúté náà, a rán àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà wa kan lọ sí Íńdíà láti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n mọ ẹ̀rọ tí ń dúró dè wọ́n nílé. Ní Yunifásítì Èkó pẹ̀lú, ètò kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Ṣáínà fi ń lo ọdún méjì níhìn-ín àti ọdún méjì ní Yunifásítì Soochow ní Ṣáínà. Ẹni tí a bá ti fi iṣẹ́ hàn kí ó tó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fà á wálé. Ẹni tí a kò fi nǹkan kan hàn, ṣé a lè bínú pé kò rí ọ̀nà? Bí ó bá sì dúró lọ́hùn-ún, tí ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ohun tí ó mọ̀, tí ó ń ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíràn, a kò lè pè é ní ẹni tí ó sọnù.

A padà lọ sí ọ̀dọ̀ baba náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a sì fún un ní ìdáhùn wa. A ní, "Bàbá, kò sí ẹnìkan tí ó dá jẹ̀bi. Ìbéèrè tí ẹ bi ọmọ yín ní ẹ̀bá èbúté dára púpọ̀. Pípẹ́ ni ó pẹ́. Ó yẹ kí ó ti gbọ́ ọ kí ó tó lọ, ó sì yẹ kí àwa náà ti ràn yín lọ́wọ́ láti bi í." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọ náà sọ fún wa pé òun ti kọ̀wé sí olùkọ́ òun lọ́hùn-ún láti béèrè àwọn ohun tí òun kò ráyè béèrè nígbà tí òun wà níbẹ̀, àti pé olùkọ́ náà ti dáhùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò omi àti ẹja, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Baba náà ní kò sí ilẹ̀ mìíràn láti tà, nítorí náà ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni ọmọbìnrin náà yóò wá kiri. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó dé, ó ti lọ sí etí òkun, ó sì ti bi àwọn apẹja ní ìbéèrè mẹ́fà.